Ẹ má rọ omi kún táńkì láti Ògbómọ̀ṣọ́: ìṣirò omi fún bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, tó tú ìjókòó ẹ̀yìn, tó kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí i, tó wá gbé táńkì lítà 120 sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kó rọ omi kún un dé ẹnu kó tó kúrò nílé. Kílò 120 ti wọ ọkọ̀ nìyẹn, kò sì tíì sí ènìyàn, oúnjẹ tàbí gáàsì nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n omi tí a dà síwájú yàtọ̀ sí omi tí a kàn ń rù kiri. Ohun tí mo dúró lé lórí ni pé kì í ṣe bí táńkì ṣe tóbi tó ni a fi ń mọ iye omi tí a ó gbé. Iye ọjọ́ tó wà láàárín ibi omi kan tó dájú sí ibi omi mìíràn tó dájú ni a fi ń mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ kan lé e.

Ní títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, títí dé Ìlọrin, omi kò jìnnà. Ilé epo tó ní bóòhóòlù pọ̀, mọ́ṣáláṣí tó ní táàpù níta pọ̀, wọ́n sì ń ta omi inú ọ̀rá níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti lè dúró. Lójú ọ̀nà yìí, lítà 40 sí 50 tó fún ènìyàn méjì, kódà bí wọ́n bá máa sùn mọ́jú nínú ọkọ̀. Kò sídìí láti gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bí a bá kọ orí ọkọ̀ sí òkè lọ́hùn-ún, sí Ìgbẹ́tì, Kìṣí, Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ṣakí, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ sùn nítòsí àwọn òkè Ìgbẹ́tì, tàbí ẹni tó ti gba àṣẹ ní ọ́fíìsì Old Oyo National Park nílùú Ọ̀yọ́ láti wọ inú igbó náà. Ìlú jìnnà síra lọ́hùn-ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn láti lọ, nítorí koríko ti gbẹ, ọ̀nà kò ní ẹrẹ̀, ojú sì ń ríran jìnnà. Ìgbà yẹn gan-an ni omi ń wọ́n. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa yìí. Inú ilẹ̀ tó bò ó lórí àti inú ibi tí àpáta náà ti sán ni omi kànga ń gbé, kò sì pọ̀ bí ti ilẹ̀ oníyanrìn etí òkun. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, omi kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kejì sí ìkẹta, kànga tí kò jìn á ti gbẹ, tàbí kó jẹ́ ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Nítorí náà, kànga tí ẹ pọn omi nínú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá kì í ṣe ibi omi tó dájú ní oṣù kejì. Ibi tó dájú ni ibi tí ẹ ti pe ẹnìkan tó ń gbé níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tó ní omi ń jáde, tó sì ní iná tàbí jẹnẹrétọ̀ wà láti fi fà á. Bóòhóòlù tí kò ní iná, ẹ má kà á kún omi rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá ka omi ènìyàn kan fún ọjọ́ kan.

Mímu gba lítà 4 fún ẹni tó ń rìn lábẹ́ oòrùn. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè mu 3. Ọyẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ jù: òtútù á mú wọn láàárọ̀, òógùn kò ní hàn lára wọn, òùngbẹ kò sì ní gbẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń fa omi jáde láti ẹnu, imú àti awọ ara wọn láìdáwọ́ dúró. Ìtọ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi tí ẹ ń mu kò tó. Ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ fi bíi lítà kan kún tirẹ̀.

Sísè ni ibi tí omi ti ń sọnù jù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Lítà 2.5 fún ènìyàn kan tó, bí a bá mọ oúnjẹ yàn. Ẹ wo gbẹ̀gìrì: kí ẹ̀wà tó bó, kí èèpo tó lọ, ẹ ó ti ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, omi tó bá a lọ sì ju èyí tí ẹ ó fi sè é lọ fíìfíì. Nílé ni kí ẹ ti bó o, kí ẹ sá a gbẹ, kó wọ ọ̀rá. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ń gbé iyanrìn, wọ́n fẹ́ omi mẹ́ta kí wọ́n tó mọ́. Ilé náà ni kí ẹ ti ṣàn wọ́n, kí ẹ gbọn omi kúrò lára wọn, kí ẹ gbé wọn sínú kúlà. Ẹni tó máa ń bọ ìrẹsì, tó wá ń da omi ìbọ̀ náà nù, lítà 2 ló ń dà sílẹ̀ nínú ìkòkò èèyàn mẹ́rin. Ìrẹsì tó máa fa gbogbo omi rẹ̀ mu ló yẹ ọkọ̀. Bí ẹ bá se iṣu, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Omi gbígbóná yẹn dára gan-an fún fífi kọ́kọ́ ṣan abọ́ tó ní epo, ó ń ká ọ̀rá kúrò ju omi tútù lọ.

Àmàlà kì í fi omi ṣòfò, nítorí omi tí a fi rò ó náà ni a ń jẹ. Ìkòkò rẹ̀ ló le. Ẹ da omi kọ́ọ̀bù kan sí i bó ṣe gbóná, ẹ dé e, kí ẹ lọ jẹun. Tí ẹ bá dé, ẹ̀ ó fi ọmọrogùn ha á kúrò wẹ́rẹ́. Èyí tí a fi sílẹ̀ lásán, tó di agídí mọ́ ìdí ìkòkò, ìlọ́po mẹ́ta omi yẹn ló máa gbà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín elewé kò fẹ́ abọ́ rárá, gààrí kò sì fẹ́ ju kọ́ọ̀bù kan lọ. Fún ìrìn àjò tí omi rẹ̀ kò dájú, irú oúnjẹ báyìí ni kí ó pọ̀ nínú ẹrù.

Abọ́ fífọ̀, lítà 1.5. Ẹ fi ewé tàbí ìwé ìròyìn nu ọbẹ̀ kúrò lára abọ́ kí omi tó kàn án. Lẹ́yìn náà, abọ́ omi ọṣẹ kan, abọ́ omi mímọ́ kan, ó parí. Ọwọ́, ojú àti eyín, lítà 1.5. Ìwẹ̀ onítáwẹ́ẹ̀lì, tí a ń fi aṣọ tútù nu gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀, lítà 1.5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 11 fún ènìyàn kan lójúmọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ ní ti gidi pẹ̀lú korobá àti kọ́ọ̀bù, lítà 8 lè tó o bí kò bá fi omi ṣòfò; tirẹ̀ á wá di lítà 17.5. Ṣáwà ni kí ẹ gbàgbé. Lítà 6 sí 8 ló ń tú jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnìkan ṣoṣo tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti lo omi tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta lò ní odidi ọjọ́ kan.

Bí Mùsùlùmí bá wà nínú ọkọ̀, àlùwàlá gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bùútà tí a ń dà jẹ́jẹ́ kò fẹ́ tó lítà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka lítà 3 sí 4 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Táyámọ́mù, ìyẹn fífi iyanrìn mímọ́ rọ́pò omi àlùwàlá, wà fún ìgbà tí omi bá wọ́n, ṣùgbọ́n ètò tó dára ni kí omi ìjọ́sìn ti wà nílẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má lo omi rárá: korobá tó ní ìdérí, eérú tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi ìlagi, ó tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi èèyàn mẹ́rin ṣe é. Wọ́n ń kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ méjì ní ẹ̀yìn Ìgbẹ́tì níbi tí kò ti sí omi. Lítà 11 lọ́nà mẹ́rin lọ́nà méjì, 88. Ọjọ́ kan àfikún fún mímu àti sísè nìkan, lítà 6.5 lọ́nà mẹ́rin, 26. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 114. Ẹ pín in: mímu ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ lítà 48, ìyẹn àpò omi ọ̀rá márùn-ún, nítorí àpò kan tó ní ọ̀rá 20 oní-50cl jẹ́ lítà 10. Lítà 66 tó kù, ẹ rọ 40 sínú táńkì, kí kẹ́ẹ̀gì oní-25 kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré lítà 5 kún un fún rédíétọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu. Ìlú Ìgbẹ́tì gan-an ni kí wọ́n ti rọ omi yìí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibẹ̀, àpò omi ọ̀rá méjì àti lítà 20 nínú táńkì tó wọn.

Àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí nílẹ̀ òkèèrè mọ̀ nípa èyí dáadáa. Volkswagen California T6, ọkọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń sùn nínú rẹ̀ kiri, táńkì omi mímọ́ rẹ̀ kò ju lítà 30 lọ. Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tí táńkì wọn gba lítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé lítà 20 péré ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kà mọ́ ìwúwo ọkọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń retí kí onítọ̀hún rọ ìyókù tó bá dé ibi tó máa sùn. A kò lè mú ìwọ̀n wọn lò bó ṣe wà, nítorí ibi ìsùn tiwọn ní táàpù. Àṣà kí omi pọ̀ níbi ìsùn, kó sì kéré lójú ọ̀nà, ni a lè mú.

Ìwúwo ni ìdí rẹ̀. Ẹ wo páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fírémù ilẹ̀kùn tàbí inú ìwé ọkọ̀, ẹ máa rí ìwúwo tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kan pákó tán, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá, irú èyí tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ẹ mọ ohun tó kù. Èèyàn mẹ́rin jẹ́ bíi kílò 300. Bátìrì ìnfátà oní-200Ah, irú èyí tó ní ásíìdì, jẹ́ bíi 60 fún ẹyọ kan. Sílíńdà gáàsì 12.5, pẹ̀lú irin ara rẹ̀, lé ní 25. Pákó, fóòmù, oúnjẹ àti jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ kì í tètè dúró tí a bá tẹ búréèkì, táyà rẹ̀ sì ń gbóná títí tó fi máa bẹ́ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí títì náà fúnra rẹ̀ ń jó.

Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, nílẹ̀ pátápátá, ni kí táńkì wà. Bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ìdarí rẹ̀ á sì máa yẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má gbé táńkì sórí òrùlé. Ọkọ̀ tó ní lítà 100 lórí á máa fì ní gbogbo kọ́nà, kòtò kan ṣoṣo sì lè ṣe é léṣe. Ohun tó lè wà lórí òrùlé ni páìpù dúdú oníke, íńṣì 4 ní fífẹ̀ àti mítà 1.5 ní gígùn. Lítà 12 péré ló gbà, oòrùn á sì ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀ àṣálẹ́. Táńkì tí omi rẹ̀ dé ìdajì tún ń da ọkọ̀ láàmú, nítorí omi á máa ya síwá sẹ́yìn. Táńkì méjì oní-50 dára ju ọ̀kan oní-100 lọ: ẹ kún ọ̀kan, kí èkejì ṣófo.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí táńkì rẹ̀ gbà, ẹ fi gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ fi 1000 pín in. 80 lọ́nà 40 lọ́nà 35 jẹ́ lítà 112. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa jáde, nítorí ihò páìpù kì í wà ní ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì onínáà tó ń sọ bí omi ṣe kù. Ó máa ń há. Kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ fi máa kà á.

Omi mímu kò gbọdọ̀ wà nínú ohun kan náà pẹ̀lú omi ìfọ̀. Mi ò ní yí èyí padà fún ẹnikẹ́ni. Bí páìpù kan bá já nínú igbó, táńkì á gbẹ láàárín òru kan, ṣùgbọ́n àpò omi ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé, ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì lé e lórí. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ bá ń lò, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò: nọ́ńbà 2 nínú igun mẹ́ta dára fún omi. Èyí tó ti gbé oògùn apakoríko, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù rí, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Rọ́bà náà máa ń fa oògùn sára, ó sì ń tú u padà sínú omi.

Kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọ táńkì. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ da búlíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sí i. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 3.5% sára ike rẹ̀, mílílítà 150 fún lítà 100. Ẹ ṣí táàpù kọ̀ọ̀kan títí òórùn rẹ̀ fi jáde, kí ẹ tì wọ́n, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má da búlíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá olómi. Gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ lè pa èèyàn.

Bó bá di dandan kí ẹ mu omi kànga, ìdajì ṣíbí tíì kan búlíìṣì 3.5% yẹn tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ pò ó, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀. Omi tó bá dàrú, ẹ kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù tòrò rẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun tí a ká po lẹ́ẹ̀mẹrin sẹ́ ẹ, nítorí ẹrẹ̀ ń jẹ agbára búlíìṣì. Àwọn àgbà wa mọ aṣọ ìsẹ́mi yìí dáadáa láti ìgbà sobìà. Ọdún 2013 ni àjọ WHO kéde pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi sì wà lára ohun tó lé e lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ ṣì wà nínú odò àti adágún, ara ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu. Ẹ má kẹsẹ̀ bọ odò nítorí pé ẹ fẹ́ pọn omi.

Ti pọ́ńpù 12V tó ń fa omi láti táńkì sí táàpù kò pọ̀. Bó bá ń dún fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí táàpù, omi ń jò níbì kan: ẹ fi ìwé pélébé nu gbogbo oríkèé páìpù títí ẹ ó fi rí ibi tó tutù. Táàpù tó ń kán tó-tó-tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń da lítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nù lójúmọ́, ìyẹn omi mímu odidi èèyàn kan. Bó bá ń dún ṣùgbọ́n tí omi ń jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ìdérí asẹ́ tàbí kílíìpù iwájú rẹ̀ ti tú. Bí omi bá rọra ń jáde, iyanrìn bóòhóòlù ti dí asẹ́ náà. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́. Bí omi bá ń tú padà sí yín lára nígbà tí ẹ ń rọ ọ́, ihò tí táńkì fi ń mí ti dí, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló sì sábà máa ń mọlé síbẹ̀. Ẹ pa swíìṣì pọ́ńpù ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kí páìpù tó bá já lójú ọ̀nà má baà kó gbogbo omi dà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tí ẹ bá padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ táńkì, kí omi tó kù dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí káṣú. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì lé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi gbẹ táútáú.